Apá Balsa, Apá Arère

Bí a bá gbé pákó balsa lé ọwọ́ ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ igi láti kékeré, ọwọ́ náà á fò sókè. Ojú ti sọ fún un pé igi ni, apá sì ti múra de ẹrù. Nígbà tí ẹrù ò sí níbẹ̀, agbára tí apá kó jọ á ṣòfò sínú afẹ́fẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Bàbá Káfíńtà nìyẹn ní Lálúpọn nítòsí Ìbàdàn, lọ́jọ́ tí ọmọ àbúrò mi gbé pákó pẹlẹbẹ kan lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn. Wọ́n fi èékánná tẹ̀ ẹ́, ojú èékánná sì hàn lára rẹ̀. Wọ́n gbé e sí etí, wọ́n fi ìka kàn án.

“Ta ló gbẹ́ inú rẹ̀ kúrò?”

“Ẹnì kankan ò gbẹ́ ẹ, Bàbá. Bó ṣe hù nìyẹn, sà.”

Inú páálí gbọọrọ kan ni pákó náà ti jáde. Ẹ̀gbọ́n ọmọ náà tó ń gbé ní Houston ló fi ránṣẹ́ sí i. Lẹ́yìn páálí yìí, wọ́n ya ọkọ̀ funfun kan tó kọjú sí ọ̀run gangan, iná ń jáde nídìí rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn, ọkọ̀ kan náà ni wọ́n tún yà, iná ti kú, ó tẹ́ apá méjèèjì, ó ń rà bọ̀ wálẹ̀. Rọ́kẹ́ẹ̀tì ni nígbà tó bá ń lọ. Nígbà tó bá ń bọ̀, ẹyẹ tí kì í ju apá ni. Àwọn ẹ̀yà rẹ̀ kò pọ̀: pákó balsa bíi mélòó kan tí wọ́n ti fi iná lésà la apá àti ìrù sí lára, ọ̀pá igi gígùn kan tí yóò di ẹ̀yìn ọkọ̀, páìpù páálí kúkúrú kan, imú onígi tó yọ ṣónṣó, ìwọ̀ irin kan, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀rá pupa tó gùn bí ọ̀já, amọ̀ díẹ̀ nínú ọ̀rá, àti ìwé àlàyé. Abẹ àti gọ́ọ̀mù kò sí níbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kan ọkọ̀ náà ni yóò wá wọn. Ẹ̀rọ tó ń tì í lọ sókè kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú. Wọn kì í jẹ́ kí èrò gbé irú rẹ̀ wọ bàálù rárá, torí pé ẹ̀tù ló wà nínú rẹ̀. Màá padà sórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Orílẹ̀-èdè Ecuador ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni èyí tó pọ̀ jù nínú balsa tí ayé ń lò ti ń wá. Igi náà a máa yára dàgbà. Láàárín ọdún márùn-ún sí méje, ó ti tó gé. Nígbà tó ṣì dúró lóòró, omi kún inú rẹ̀, ó sì wúwo. Inú yàrá gbígbóná ni wọ́n ti ń gbẹ omi náà kúrò, ohun tó sì máa ń kù ni ògiri fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó yí ihò kéékèèké ká, afẹ́fẹ́ wá gba ipò omi nínú àwọn ihò náà. Bí a bá to ìrókò jọ títí tó fi jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóòró, mítà kan ní gíga, yóò ju kílò 600 lọ. Balsa tí wọ́n ń lò fún irú iṣẹ́ yìí kì í sábà kọjá kílò 200, èyí tó dára jù nínú rẹ̀ sì lè sún mọ́ 100. Síbẹ̀, ó le ju bí ọwọ́ ṣe rò lọ. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi balsa sáàárín pákó méjì tín-ín-rín láti ṣe ara bàálù ogun kan tí wọ́n ń pè ní Mosquito, èyí tó kọ́kọ́ fò ní oṣù kọkànlá ọdún 1940, ó sì wà lára àwọn tó yára jù lọ nígbà náà.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù nípa igi yìí ni pé ìbátan rẹ̀ kún ilẹ̀ wa. Àwọn onímọ̀ ewéko kà á mọ́ ẹbí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Malvaceae. Inú ẹbí yẹn ni kòkó wà, àti obì, àti àràbà, àti oṣè, títí kan òwú àti ilá. Ẹni tó bá jókòó sábẹ́ ìbòòji kòkó ní Akánrán, tó ń gé balsa, ìyekan igi tó wà lórí rẹ̀ ló ń gé.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti dùn wò jù ni fífá apá. Bí apá ṣe ń jáde lára pákó, pẹlẹbẹ ni, igun rẹ̀ dúró ṣánṣán, ó sì nípọn bákan náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Pákó tó tẹ́ lásán lè fò, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kì í lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa, á máa dàrú lẹ́yìn rẹ̀, á sì máa fà á padà. Ìwé àlàyé ní kí a sọ ojú apá di róbótó, kí òkè rẹ̀ yọ díẹ̀ nítòsí iwájú, kí ó máa fẹ́lẹ́ lọ títí dé ẹ̀yìn, kí abẹ́ rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Gbólóhùn kan ni nínú ìwé. Lọ́wọ́ ọmọdé, iṣẹ́ ọ̀sán gbáko ni.

Ọmọ náà fi sáńpépà wé igi kékeré kan, torí pé ìka lásán á gbẹ́ kòtò sí ara ohun tó rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó gbé apá sí etí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí fá. Sáńpépà oníyanrìn nílánlá ló kọ́kọ́ lò, kí ó tó bọ́ sórí èyí tó kúnná. Bí wọ́n bá ń fá ìrókò, gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́. Balsa kàn ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ ni. Ìyẹ̀ igi tó ń jáde funfun, ó sì fúyẹ́ débi pé kò tètè balẹ̀. Ó dúró nínú oòrùn tó gba ojú fèrèsé wọlé, ó lẹ̀ mọ́ irun apá ọmọ náà, ó lẹ̀ mọ́ ìpéǹpéjú rẹ̀. Bàbá Káfíńtà ní kó fi aṣọ di imú, wọ́n sì jókòó tì í láti wò ó. Nígbà tó pẹ́, wọn ò lè mú ọwọ́ dúró mọ́.

“Mú un wá. Di ojú rẹ. Fi ìka yìí fà á láti ìdí dé ṣónṣó. Kí lo bá níbẹ̀?”

“Ó ga díẹ̀ níbí, sà.”

“Fá ibẹ̀ nìkan. Má fá ibòmíràn.”

Bàbá kò mọ nǹkan nípa bàálù, ṣùgbọ́n wọ́n mọ igi, ohun tí ọkọ̀ yìí sì ń fẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe é kò ju kí ó mọ igi lọ. Àwọn ni wọ́n fi ìlà tó wà lára balsa náà han ọmọ, bó ṣe gba gígùn apá láti ìdí dé ṣónṣó. Ibi tí ìlà bá gbà ni agbára ń gbà. Ká ní wọ́n gé e kí ìlà rẹ̀ dá a ní ìbú, ìka méjì ti tó láti ṣẹ́ ẹ. Àwọn náà ni wọ́n gbé apá tí wọ́n fá tán sí ojú oòrùn. Ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tó ti fẹ́lẹ́ jù, ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá, àwọ̀ rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú bí etí ọmọ tuntun. Bí ìmọ́lẹ̀ náà bá dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a jẹ́ pé fífá náà dọ́gba. Kò sí rúlà tó lè sọ ìyẹn dáadáa ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Gọ́ọ̀mù funfun tí gbogbo káfíńtà ń lò ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Ó gba sùúrù. Gọ́ọ̀mù wúwo ju balsa lọ, nítorí náà, èyí tó bá ṣẹ́ kù síta, ẹrù lásán ni. Ọ̀nà tó dára ni kí a kọ́kọ́ fi díẹ̀ ra ojú méjèèjì tó fẹ́ pàdé, kí igi mu ún, kí ó gbẹ. Lẹ́yìn náà ni a óò fi òmíràn ra á, tí a óò sì tẹ̀ wọ́n pọ̀. Ojú ìpàdé bẹ́ẹ̀ a máa le ju igi fúnra rẹ̀ lọ.

Apá méjèèjì kì í sùn gbalaja lórí ọ̀pá. Ṣónṣó wọn ga ju ìdí wọn lọ, páálí ìṣáná ni ọmọ náà sì fi gbé wọn ró títí gọ́ọ̀mù fi gbẹ. Àwọn ẹyẹ kan wà tí àwọn náà máa ń gbé apá wọn sókè díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń rà. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ọkọ̀ náà tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí yọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ yẹn. Apá tó wà nísàlẹ̀ á wá gba afẹ́fẹ́ sí abẹ́ ju èkejì lọ, á sì gbé ara rẹ̀ padà sókè. Kò sí awakọ̀ nínú ọkọ̀ yìí. Gbígbé tí a gbé apá sókè yẹn ló ń ṣe iṣẹ́ awakọ̀.

Lórí imú ni ọgbọ́n tó jinlẹ̀ jù wà. Páìpù páálí tó yẹ kó gbé ẹ̀rọ kì í lẹ̀ mọ́ ọkọ̀. Ìwọ̀ ló fi kọ́ ọ. Nígbà tí ẹ̀rọ bá wà níwájú bẹ́ẹ̀, iwájú ló wúwo, ọkọ̀ á lọ sókè gbọnrangandan. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lẹ́yìn tí iná bá kú, ẹ̀tù kékeré kan tó wà lókè ẹ̀rọ á dún, á ti páìpù náà yọ kúrò lára ìwọ̀, páìpù á máa bọ̀ wálẹ̀ pẹ̀lú ọ̀já pupa rẹ̀. Kíá tí ẹrù yẹn bá ti kúrò níwájú, ibi tí ìwọ̀n ọkọ̀ ti dọ́gba á sún sẹ́yìn, á bọ́ sí abẹ́ apá gan-an, ohun tó jẹ́ ọfà á wá di ẹyẹ. Láàárín ọdún 1981 sí 2011, ọkọ̀ ojú sánmà tí Amẹ́ríkà ń pè ní Space Shuttle ń ṣe irú nǹkan kan náà: iná ni wọ́n fi ń gbé e lọ, láìsí agbára ẹ̀rọ ló sì ń rà padà wá sórí ilẹ̀.

Ẹ̀rọ kékeré náà ní ìtàn. Ọkùnrin kan tó ń ta bàtà ní ìlú Norfolk ní ìpínlẹ̀ Nebraska, Orville Carlisle, ló kọ́kọ́ ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì páálí tó ṣeé pààrọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀, ní 1954. Nígbà tí àwọn ará Rọ́ṣíà fi Sputnik ránṣẹ́ sójú sánmà ní oṣù kẹwàá ọdún 1957, àwọn ọmọdé Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí po ẹ̀tù fúnra wọn nínú páìpù irin. Àwọn kan pàdánù ìka, àwọn kan pàdánù ojú, àwọn mìíràn kú. G. Harry Stine, tó mọ iṣẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì gidi, rí i pé ti Carlisle ni ọ̀nà àbáyọ: ara páálí àti igi fífúyẹ́, ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ ti ṣe tán, ọwọ́ ọmọ kò ní kan ẹ̀tù rárá. Ní 1958, Vernon Estes kan ẹ̀rọ tó ń ṣe irú èyí lọ́pọ̀ yanturu ní Denver. Lónìí, àmì bíi A8-3 máa ń wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Lẹ́tà náà ń sọ bí gbogbo agbára inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. B lè fi ìlọ́po méjì ju A lọ. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń sọ bó ṣe ń tì í le tó. Èyí tó kẹ́yìn ń sọ iye ìṣẹ́jú àáyá tí yóò dúró kí ẹ̀tù kékeré náà tó dún.

Ọdẹ wà ní Lálúpọn, ẹ̀tù sì wà lọ́wọ́ ọdẹ. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń wò wá dábàá pé kí a rọ díẹ̀ sínú páìpù. Mo kọ̀ pátápátá, mo sì ń bẹ gbogbo ẹni tó bá ń ka ìwé yìí kó kọ̀ bákan náà. Ẹ̀tù inú ẹ̀rọ ilé iṣẹ́, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ pọ̀ títí ó fi le gbagidi, amọ̀ ni wọ́n fi dí ìdí rẹ̀ tí wọ́n fi ihò kékeré sílẹ̀. Ó ń jó díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ẹ̀tù ìbọn ṣakabùlà, hóró hóró ni. Iná á ràn láàárín gbogbo hóró náà lẹ́ẹ̀kan náà, páìpù á fọ́ yángá ní ojú ẹni tó bá tanná sí i. Kò sí ìṣirò kankan tó lè yí ìyẹn padà.

Rọ́bà ló rọ́pò ẹ̀tù. Ẹnikẹ́ni tó bá ti fi kànnàkànnà lé ẹyẹ nínú oko rí mọ rọ́bà inú táyà tí mò ń wí. Ọmọ náà fi ìwọ̀ kékeré kan sí abẹ́ imú ọkọ̀, ó so rọ́bà mọ́ orí igi kúkúrú kan. Láìsí páìpù lórí rẹ̀, gbogbo ọkọ̀ náà kò wúwo tó ẹyin adìẹ kan.

Kí wọ́n tó ta á, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń rà. Àárọ̀ kùtùkùtù ló dára fún èyí, kí afẹ́fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí jà, lórí pápá ilé ẹ̀kọ́ tí ìrì ṣì wà lára koríko rẹ̀. Wọ́n jù ú jẹ́jẹ́ láti èjìká, wọ́n kọjú rẹ̀ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, imú rẹ̀ dorí kọ ilẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá gbé imú sókè, tó dúró lójú kan, tó sì já wálẹ̀ lójijì, iwájú fúyẹ́ jù, kí a fi amọ̀ bíńtín kún imú. Bí ó bá kan ilẹ̀ lọ tààrà, iwájú wúwo jù, kí a yọ amọ̀. Èyí tí wọ́n ń yọ tí wọ́n ń fi sí yìí kò ju hóró àgbàdo lọ, ó sì ń yí ohun gbogbo padà. Díẹ̀díẹ̀, jíjù kọ̀ọ̀kan ń gùn sí i, títí ọkọ̀ náà fi kúrò lọ́wọ́ ọmọ náà, tó tẹ́ lórí afẹ́fẹ́ láìmì, tó lọ balẹ̀ lórí ìkùn rẹ̀ lẹ́bàá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọmọ iléèwé.

Lẹ́yìn náà ni ọmọ náà fa rọ́bà. Bí a bá fẹ́ ta irú ọkọ̀ yìí, kò yẹ kí apá rẹ̀ dọ́gba lọ́wọ́ wa. A ó dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, agbára rọ́bà á mú un tàkìtì padà wá bá ẹni tó ta á. Ó jáde pẹ̀lú ìró tín-ín-rín, ó yí gòkè, ó ga ju òrùlé páànù lọ, ó ga ju igi máńgòrò lọ. Níbi tí agbára ti tán, ó yí ara rẹ̀ padà díẹ̀, ó tẹ́, gbogbo ìró sì dákẹ́. Ó ń yí po lórí pápá, oòrùn àárọ̀ ń gba ẹ̀yìn apá rẹ̀ kọjá. Àwọn ọmọdé ti sá tẹ̀ lé e, ojú wọn wà lókè, kò sí ẹni tó ń wo ibi tó ń tẹ̀. Pápákọ̀ òfurufú Alákíà kò jìnnà sí wa, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, bàálù kì í ṣe ohun tuntun lójú wọn. Ṣùgbọ́n èyí, ọwọ́ ẹni tí wọ́n mọ̀ ló fá a.

Bàbá Káfíńtà ò sọ nǹkan kan. Wọ́n padà sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n mú àfọ́kù pákó arère kan tó kù nínú àjà ilé tí wọ́n ń kàn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí là á.

Arère kò fúyẹ́ tó balsa. Ìlọ́po méjì ìwọ̀n rẹ̀ àti díẹ̀ ni. Irú ìdì igi tí mo fi ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kan yóò tó nǹkan bíi kílò 380. Ṣùgbọ́n nínú àwọn igi ńlá inú igbó wa, òun ló wà lára àwọn tó fúyẹ́ jù, ìlà rẹ̀ tọ́, ó sì ń gba abẹ láìjà. Inú ẹbí kan náà pẹ̀lú balsa ni òun náà wà. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ òfurufú kékeré ní Yúróòpù mọ̀ ọ́n dáadáa: wọ́n máa ń là á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á fi bo apá tí wọ́n gé láti inú fóòmù, obeche ni wọ́n sì ń pè é, orúkọ tó ti ilẹ̀ Ẹdó wá. Igi wa ti ń fò lójú ọ̀run wọn tipẹ́. Kódà èso arère fúnra rẹ̀ ní apá. Bí ó bá gbó, á já, afẹ́fẹ́ á gbé e, á máa yí lọ jìnnà sí ìyá rẹ̀. Wàhálà rẹ̀ ni pé kì í so èso lọ́dọọdún, èso náà kì í sì í pẹ́ bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí ilé iṣẹ́ ìwádìí igbó tó wà ní Jẹ́ríkò n'Ìbàdàn, FRIN, fi ṣiṣẹ́ gan-an ní àwọn ọdún 1970 lórí bí a ṣe lè fi ẹ̀ka rẹ̀ gbìn ín.

Apá arère tí Bàbá fá tín-ín-rín ju ti balsa lọ, kí ìwọ̀n má baà pọ̀ jù. Àwọ̀ rẹ̀ sún mọ́ ti ògì. Wọ́n fi ọ̀pá inú imọ̀ ògùrọ̀ ṣe ẹ̀yìn rẹ̀, torí pé òun náà fúyẹ́, àwọn ọmọ oko sì ti ń fi í ṣe mọ́tò ìṣeré kí á tó bí Bàbá. Wọ́n fi amọ̀ odò sí imú. Ọkọ̀ Bàbá yára ju ti Houston lọ, ó sì tètè balẹ̀ jù ú lọ, torí pé ohun tó wúwo gbọ́dọ̀ sáré kí afẹ́fẹ́ tó lè gbé e. Ṣùgbọ́n ó fò, ó rà, ó balẹ̀ lórí ìkùn. Nígbà tó sì fi orí sọ ìdí igi máńgòrò, wọ́n kàn nu amọ̀ imú rẹ̀ ni, wọ́n tún ta á. Lójú tèmi, òun ló dára jù fún ọmọdé láti fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́ ní Akínyẹlé, ní Lágelú, ní Ẹgbẹ́dá àti ní Ọ̀nà-Àrà, àfọ́kù arère wà ní ọjà pákó Bódìjà àti ní ibi ìlagi gbogbo, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n sì ń sun. Ẹ bèèrè fún díẹ̀. Ẹ ní kí káfíńtà là á kó tín-ín-rín, ẹ ra sáńpépà méjì àti gọ́ọ̀mù kékeré kan, kí ẹ gbé e fún ọmọ yín. Ẹ má bá a fá a.